Ọkọ̀ Òfurufú Tààrà sí Ilé Màmá Filó

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bi mí léèrè irú iṣẹ́ tí ẹ lè fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, kí ẹ tó lọ bi àwọn tó gbọ́n jù mí lọ. Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mo ṣe. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi jókòó sẹ́yìn tábìlì kan ní ìlú Kàdúná, tí mò ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà, fún ẹni tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àti fún ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ẹ má rò pé jíjókòó lásán ni. Ẹ bi ẹ̀yìn mi wò. Sìkírátù ni wọ́n sọ mí, Sìkírá ni gbogbo ayé ń pè mí. Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé rẹ̀ nígbàkígbà tá a bá fi Haúsá dá a lóhùn.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gùn. Aṣọ ni mò ń tà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2000 tí ìjà ẹ̀sìn dá ìlú rú, ìsọ̀ mi jóná, mo sì di ẹni tó ń jókòó sílé. Ọkọ mi gbọ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Adéoyè, ọmọ ìlú wa kan, ń wá obìnrin tó mọ̀wé kọ dáadáa sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo lọ, ó ní kí n kọ orúkọ mi, ó wò ó títí, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Owó oṣù náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fò ó.

Kristẹni ni Ọ̀gá Adéoyè, àdúgbò Narayi ló ń gbé. Mùsùlùmí ni mí, àdúgbò Rigasa ni ilé wa wà. Lásìkò yẹn, àwọn èèyàn ń kó ẹrù kúrò láàárín ara wọn, àwọn kan ń lọ sí ìhà ibí, àwọn kan ń lọ sí ọ̀hún, a sì ń pàdé láàárín ìlú ní gbogbo àárọ̀ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń bi ọkọ mi pé ṣé ẹ̀rù kò bà mí ni. Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bírò ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìwé ni tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ẹ ò bá a. Ó ní ewé mélòó kan tó so pọ̀, ẹ̀yìn ewé kọ̀ọ̀kan sì ní kábọ̀n pupa. Ohun tí o bá kọ sórí ewé àkọ́kọ́ ló ń jáde sára àwọn tó kù. Tí o kò bá tẹ bírò mọ́lẹ̀ dáadáa, èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ní hàn, ìyẹn gan-an sì ni èrò máa mú dání lọ. Tí o bá wá ṣi lẹ́tà kan ṣoṣo kọ, odindi tíkẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ wá wo Kàdúná, níbi tí Muhammad, Mohammed àti Muhammadu ti lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà! Ọ̀gá ní bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tù ni kí n kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé ẹni tó ṣe pásípọ́ọ̀tù náà ń tòògbé. Ọjọ́ tí mo ba mẹ́ta jẹ́ láàárọ̀ kan, kò pariwo. Ó kó wọn síwájú mi, ó ní kí n kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní igba ìgbà, kó tó di pé mo jẹun. Mo sunkún, mo sì kọ ọ́. Títí dòní, ìwé tí mo bá kọ, ẹ lè fi ọwọ́ kàn án lẹ́yìn kí ẹ kà á.

Gbogbo ìlú tí ọkọ̀ òfurufú ń balẹ̀ sí ló ní lẹ́tà mẹ́ta tí wọ́n fi ń pè é. Ọ̀gá á kàn yọjú lójijì, á ní, "Náírobì!" Èmi á ní, "N, B, O!" Bí mo bá kùnà, kò ní bá mi sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n. Mo ń kà wọ́n nídìí àkàrà nílé, débi pé àwọn ọmọ mi mọ̀ wọ́n kí wọ́n tó mọ ABD.

Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ tó le jù ni pé a kò gbọdọ̀ ta ọ̀nà tí ẹnì kan nínú wa kò tíì rìn. Àwọn ọ́fíìsì yòókù ń rẹ́rìn-ín wa. Ọ̀gá ní òun kò lè gba owó lọ́wọ́ ìyá arúgbó láti rán an sí pápákọ̀ òfurufú tí òun kò mọ ibi tí ilé ìtọ̀ wà níbẹ̀. Bí mo ṣe di arìnrìn-àjò nìyẹn, èmi tí mi ò ré kọjá Ìlọrin rí.

Nígbà tí ọwọ́ mi dúró, ó fi ìrìn àjò Úmúrà àwọn obìnrin sí Mẹ́kà lé mi lọ́wọ́. Èyí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Báàgì aláwọ̀ kan náà fún gbogbo wọn, káàdì orúkọ lọ́rùn, aṣáájú kan fún èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá, àti alásè tiwa tó ń bá wa lọ, Màmá Tálátù, obìnrin Haúsá tó lè se túwó fún ọgọ́rùn-ún èèyàn láìlàágùn. A ń gbé ìyẹ̀fun, ata gígún, kúlíkúlí àti ààrò gáàsì kékeré dání. Kò sí obìnrin tí ebi pa rí lọ́wọ́ mi, kò sì sí èyí tó sọnù. Wọ́n mọ orúkọ mi káàkiri Rigasa.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni Dókítà Bálà wọlé, ọkùnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ lọ síbi tí òkun wà tí ariwo kò sí. Ọ̀gá ṣí ìwé, ó rí erékùṣù kékeré kan tí wọ́n ti ń sọ Potogí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ fún yín, nítorí èèyàn mi ni àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn bó ṣe rí. Kò sí ẹni tó rin ọ̀nà náà rí nínú wa. Ọ̀gá yíjú sí mi.

"Sìkírá, ó kàn ọ́."

Mo bá tọkọtaya náà lọ. Mọ́tò dé Àbújá, ọkọ̀ òfurufú dé Èkó, òmíràn lọ sí ìlú àjèjì kan, ká tó wá wọ kékeré kan tó ń gbọ̀n bíi kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ẹsẹ̀ mi wú tó bẹ́ẹ̀ tí bàtà kò wọ̀ ọ́ mọ́.

Obìnrin tó ń gba àlejò níbẹ̀ ń jẹ́ Filomẹ́nà, Màmá Filó ni wọ́n ń pè é. Ilé onípákó ló ní, yàrá mẹ́fà, ọkọ rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ síwájú òkun. Ó ti gbé Kálàbá nígbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ pijin dáadáa, nítorí náà a ń gbọ́ ara wa yé. Kò béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó lọ gbé omi iyọ̀ wá, ó ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ọkọ̀ ń lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá dé, ó dé nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á mọ orúkọ rẹ, lọ́jọ́ kẹta o ti ń bá Màmá Filó lọ ra ẹja létí òkun, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kẹfà, Zé, aládùúgbò rẹ̀ tó ní mọ́tò, ti gbé ọ dé oko kòkó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, o sì ti ra nǹkan lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ìyàwó Dókítà Bálà kò fẹ́ kúrò mọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n lò. Láti ìgbà náà, mo ń rán èèyàn méjì, mẹ́ta, síbẹ̀ lọ́dọọdún, Màmá Filó sì di ọ̀rẹ́ mi. Fóònù alágbèéká ti dé nígbà náà, a sì ń ki ara wa ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

Iṣẹ́ yí padà lójú mi. Wọ́n ní kò sí tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé mọ́, kọ̀ǹpútà ni. Ọ̀gá tó fi bírò pọ́n mi lójú wá ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kan bọ́tìnnì. Á ní, "Sìkírá, jọ̀ọ́, wá bá mi tẹ ẹ́, kó má lọ rán ẹnì kan lọ sí Ṣáínà." Mo rẹ́rìn-ín títí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí pẹ̀lú. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ra tíkẹ́ẹ̀tì lórí fóònù ara wọn, àwọn tí ìrìn àjò wọn díjú nìkan ló kù fún wa. Rélùwéè dé, ó ń ti Rigasa lọ sí Àbújá, nítòsí ilé mi gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ti pápákọ̀ òfurufú Àbújá láti tún un ṣe, gbogbo ọkọ̀ sì wá ń balẹ̀ sí Kàdúná fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ ò rí wa! Orí wa wú. A rí ọkọ̀ òkè òkun nílẹ̀ wa, a ní kí ló dé tí a tún ń lọ jókòó sí Èkó. Èmi náà wà lára àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àárín ọdún yẹn ni Màmá Filó pè mí, tí ohùn rẹ̀ kò dáa. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Olówó kan fẹ́ ra ilé náà, kó wó o, kó fi kọ́ òtẹ́ẹ̀lì ńlá. Àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Yúróòpù ní kó tà á, pé yàrá ń ṣófo, pé kí ló ń dúró ṣe níbẹ̀. Wọ́n fún un di ìparí ọdún tó ń bọ̀.

Ó ní, "Sìkírá, àwọn aláṣẹ wa ń sọ lórí rédíò pé ọkọ̀ tààrà ló kù, pé bí ó bá ti dé, àlejò á pọ̀. Ṣé kò lè ti ọ̀dọ̀ yín wá?"

Obìnrin tó fi omi iyọ̀ fọ ẹsẹ̀ mi ni wọ́n fẹ́ lé kúrò nínú ilé ọkọ rẹ̀. Mo ní ó lè wá. Mo ṣèlérí kí n tó gbé fóònù sílẹ̀.

Ọ̀gá kò fara mọ́ ọn. "Ọkọ̀ tààrà á gbé wọn dé," ló wí. "Bí wọ́n bá wá dé, kí ni wọ́n máa ṣe?"

"Ọ̀gá, ohun tí àwọn tá a ti ń rán lọ ń ṣe náà ni."

"Àwọn yẹn rin ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ ibẹ̀ kí wọ́n tó dé. Ta ló ti rin ọ̀nà tààrà yìí wò nínú wa?"

"Haba, Ọ̀gá! Ọ̀nà wo ló wà níbẹ̀ láti rìn? Wákàtí díẹ̀ ni!"

Ó ti dàgbà, ó sì ti fi ọ́fíìsì lé mi lọ́wọ́. Mo gba ìdákẹ́ rẹ̀ bí ẹni gba àṣẹ.

Mo rí ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi ọkọ̀ háyà, mo sì kó èèyàn méjìlélógójì jọ, ará Rigasa, ará Tudun Wada, àti àwọn Kristẹni mélòó kan láti Narayi. Lẹ́yìn Iléyá ọdún tó tẹ̀lé e ni a fi ìrìn náà sí, nígbà tí gbogbo èèyàn wà ní ìsinmi. Mo pe Màmá Filó pé méjìlélógójì ń bọ̀. Ó kígbe ayọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí.

Mo wá ṣètò rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ra báàgì aláwọ̀ ewé, mo ṣe káàdì orúkọ, mo yan aṣáájú, mo pe Màmá Tálátù. Nítorí pé ọkọ̀ tiwa ni, kò sí ẹni tó máa wọn ẹrù mọ́ wa lọ́wọ́, nítorí náà a kó ìrẹsì, ìyẹ̀fun, epo àti omi oníke, wọ́n sì bá wa ra gáàsì sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tó sì jẹ́ ẹ̀yìn Iléyá ni, kò sí ilé tí kò gbé ẹran àgbò díndín ti ara rẹ̀ dání nínú ike. Òórùn ẹran gba inú ọkọ̀. A kọrin, a ṣàdúrà, kí a tó ṣẹ́jú, a ti débẹ̀. Gbogbo wọn ń gbóríyìn fún mi, wọ́n ní kí Ọlọ́run san mí lẹ́san: "Hajiya, Allah ya saka!" Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Màmá Filó ti tò wọ́n sí yàrá tirẹ̀ àti ti ilé mẹ́rin ní àdúgbò. Ó ti sọ fún àwọn apẹja, wọ́n ti kó ẹja tútù wá. Àwọn obìnrin ti dín ọ̀gẹ̀dẹ̀, Zé ti yá mọ́tò mẹ́ta mọ́ tirẹ̀. Tábìlì gùn láti ẹnu ọ̀nà dé etí òkun, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun lé e.

Àwọn èèyàn mi sọ̀kalẹ̀, wọ́n kí i, wọ́n yàwòrán. Ọkùnrin kan bi mí pé ta ló dúńbú ẹran ibẹ̀.

Mo ní, "Ẹja ni, Alhaji. Ta ló ń dúńbú ẹja?"

"Hajiya, nínú ìkòkò wo ni wọ́n ti sè é? Ẹ jẹ́ ká fi tiwa ṣe é. A sáà gbé oúnjẹ wá."

Kò fi ìwà burúkú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà lọ láti ẹnu dé ẹnu, kódà àwọn ará Narayi ní oúnjẹ wà, kí ló dé tí a ń ṣòfò. Màmá Tálátù ti tan gáàsì nínú àgbàlá. Túwó jáde, ẹran Iléyá jáde. Méjìlélógójì jókòó sórí ẹní tí a gbé wá láti ilé, wọ́n kẹ̀yìn sí tábìlì funfun náà. Bákan náà ló rí lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Wọn kò ra ẹja, wọn kò wọ mọ́tò Zé, nítorí pé ibi tí a bá wà là ń jókòó sí pọ̀, bí mo ṣe kọ́ wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, ọkọ̀ ń dúró dè wá.

Mo fi ojú ara mi rí gbogbo rẹ̀. Mo jẹ ẹja tó pọ̀ tí inú fi ń run mí, kó lè dà bíi pé ẹnì kan jẹ ẹ́. Ẹja yòókù bàjẹ́. Àwọn apẹja àti àwọn aládùúgbò tó ti náwó nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, wọn kò pariwo, wọ́n kàn dúró.

Nígbà tí a ń lọ, ó mú ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ gbẹ.

"Sìkírá, Kàdúná lo gbé wá bá mi. Mo rò pé èèyàn lo ń kó bọ̀."

Kò sí ohun tó dùn mí tó o nínú iṣẹ́ ayé mi. Bí mo ti délé, Narayi ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú Ọ̀gá Adéoyè, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ń retí kó sọ pé òun ti sọ fún mi. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Pe Tálátù. Ẹ padà lọ. Ẹ gba ọ̀nà tí ẹ mọ̀."

Mo ti tijú débi pé mi ò fẹ́ lọ. Màmá Tálátù ló tì mí. Ó ní, "Kai, ìtìjú kì í pa èèyàn. Mo ti ba oúnjẹ obìnrin náà jẹ́, mo gbọdọ̀ lọ bẹ̀ ẹ́." Àwa méjèèjì wọ rélùwéè ní Rigasa pẹ̀lú obìnrin mẹ́fà tó gbà láti máa lọ lọ́wọ́ òfo. Kò sí báàgì aláwọ̀ kan náà, kò sí ìyẹ̀fun. Ọjọ́ mẹ́ta la tún fi rìn. Nígbà tí a dé, ebi ń pa wá, ó sì rẹ̀ wá. Màmá Filó wò wá, ó wo ọwọ́ wa tó ṣófo, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Màmá Tálátù wọ ilé ìdáná lọ bá a. Wọn kò gbọ́ èdè ara wọn rárá. Wọ́n jọ fọ ìkòkò tuntun, wọ́n kọ Bísímílà sára ògiri sókè ibi tí wọ́n tò ó sí, wọ́n ní èyí ni ti àwọn Mùsùlùmí, kò sì sí ẹni tó tún béèrè ọ̀rọ̀ náà mọ́. A lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Apẹja mélòó ló ta ẹja, mi ò lè kà á.

Ọ̀sẹ̀ kẹta náà ni ọmọbìnrin Màmá Filó ti Yúróòpù dé, pẹ̀lú ìwé tí ìyá rẹ̀ máa bu ọwọ́ lù láti ta ilé. Ó wọlé, ó bá obìnrin mẹ́sàn-án níbi tí wọ́n ti ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹ̀fẹ̀ bú ara wọn ní Haúsá, Yorùbá àti Potogí.

Ó bi ìyá rẹ̀ pé ta ni gbogbo èyí. Kí ìyá rẹ̀ tó dáhùn, Màmá Tálátù ti na abọ́ sí i.

"Ke! Zo ki ci abinci!"

Kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ní kóun wá jẹun. Ó jókòó. Ó fi ìwé náà sábẹ́ àga kí epo má kàn án. Wọn kò bu ọwọ́ lù ú lọ́jọ́ náà, ilé náà sì wà níbẹ̀ títí di òní.

Ẹ má gbọ́ ọ pé mo ní ọkọ̀ tààrà burú. Ẹ bi àwọn ìyá arúgbó tí wọ́n ń ti Kàdúná lọ sí Jídà láìyà síbì kankan. Aláìsàn ń fẹ́ ẹ, ẹni tí òkú rẹ̀ wà nílẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọkọ̀ kò lè bá Màmá Filó gba àlejò. Iṣẹ́ tiwa ni láti kọ́ ẹni tó ń lọ bó ṣe máa dé ilé onílé, kó sì jẹ́ kí onílé bọ́ òun. Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ̀yìn tì ní ọdún tó kọjá. Ọkọ̀ tààrà ti dé erékùṣù náà ní tòótọ́, láti Èkó. Rúkáyà tó gba tábìlì mi ló sọ fún mi, nígbà tí mo lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì ti ara mi. Ó ní, "Màmá, ó ti rọrùn o. Ẹ lọ ní Ọjọ́bọ̀, ẹ padà ní Ọjọ́ Àìkú." Mo pe Màmá Filó lójú ẹsẹ̀ pé mò ń bọ̀ wá lo ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ní, "Sìkírá, mo ti di àgbà. Tó bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni, jókòó sílé rẹ."

Mo yíjú sí Rúkáyà. Mo ní kó kọ ọ̀nà jíjìn fún mi, kó má sì kọ ọjọ́ ìpadà kankan sí i.